Ǹjẹ́ họ́mọ̀nù lè mú kí èémí máa dá dúró lójú oorun?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti kàn rí, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Láti ìgbà tí nǹkan oṣù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dúró ni ó ti ń hanrun kíkankíkan. Bí ó bá sì ti sùn wọra, èémí rẹ̀ a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ a máa lọ sókè sódò láìsí atẹ́gùn tí ó ń wọlé, kí ó tó ta gìrì, kí ó sì mí kanlẹ̀. Mo mọ̀ pé progesterone, ọ̀kan lára àwọn họ́mọ̀nù (èròjà tí ara ń ṣe láti darí iṣẹ́ rẹ̀), tí ó máa ń dín kù ní àsìkò yìí, a máa ran mímí lọ́wọ́, àti pé bí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tí ń ṣe họ́mọ̀nù, kò bá ṣiṣẹ́ tó, ahọ́n lè wú kí ọ̀nà ọ̀fun sì fún. Dókítà ti ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò oorun, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba họ́mọ̀nù rárá, èyí sì ń kọ mí lóminú. Ṣé ó yẹ kí a béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún táírọ́ìdì pẹ̀lú? Ẹni tí ó bá sì ti lo oògùn táírọ́ìdì, ǹjẹ́ èémí rẹ̀ já geere lóru lẹ́yìn náà, àbí ó ṣì nílò ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú?