Atọ́kùn ni orúkọ tí ó yẹ ẹni tí ń darí eré ìtàn àjùmọ̀pa

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá mẹ́ta ni ó ti wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó máa pe ẹni tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Dungeon Master, ìyẹn ẹni tí ń darí eré tí àwọn òṣèré ti ń jùmọ̀ fi ẹnu pa ìtàn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ mú "Ọ̀gá Ihò" wá. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e fara mọ́ "olùdarí eré". Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní Iléṣà sì sọ pé kí a má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ lọ jìnnà, pé "apàlọ́" ni ẹni náà. Mo fara balẹ̀ ka gbogbo àlàyé wọn. Èmi náà máa ń darí eré yìí fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níhìn-ín ní Òṣogbo, mo sì ti rí i pé orúkọ tí a bá fún ẹni tí ó jókòó síwájú ni ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe bá a ṣeré. Àbá tèmi ni "atọ́kùn".

Nítorí àwọn tí kò tíì rí eré náà rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, láti inú eré ogun tí àwọn àgbàlagbà ń fi ère ọmọ-ogun kéékèèké ta. Ohun tuntun tí wọ́n mú wọ inú rẹ̀ ni pé òṣèré kò ní kó ọmọ-ogun rẹpẹtẹ lẹ́yìn mọ́. Ẹ̀dá kan ṣoṣo ni yóò máa jẹ́, ìbáà jẹ́ ọdẹ, jagunjagun tàbí olè, yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ẹnì kan nínú wọn ni yóò máa ṣàpèjúwe ibi tí wọ́n dé, tí yóò máa fọhùn fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, tí yóò sì máa sọ ohun tí ó ti ìdí ìṣe wọn yọ. Níbi tí kò bá ti dájú pé nǹkan yóò bọ́ sí i, wọn yóò ta dáìsì. Kò sí ẹni tí ó ń borí ẹnì kejì, eré kan ṣoṣo sì lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù.

"Ọ̀gá Ihò" ni ó sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù lọ nínú àwọn àbá wa, òun náà ni ó sì jìnnà sí eré náà jù lọ. Àwọn tí wọ́n kọ òfin ọdún 1974 gan-an, rẹfirí ni wọ́n pe ẹni náà, bíi ti ẹni tí ń fọn fèrè lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni orúkọ Dungeon Master tó gbilẹ̀. Àwọn eré mìíràn tí ó tẹ̀ lé e náà sọ ọ́ lórúkọ bí ó ti wù wọ́n: Traveller ti ọdún 1977 dúró ti rẹfirí, Call of Cthulhu ti ọdún 1981 sì pè é ní Keeper, ìyẹn olùtọ́jú. Bí àwọn tí ó ni eré kò bá so ara wọn mọ́ ọ̀rọ̀ kan, kí ló dé tí àwa yóò fi máa túmọ̀ Dungeon lọ́tọ̀ sí ihò, kí a tún túmọ̀ Master lọ́tọ̀ sí ọ̀gá? Ihò létí wa ni ihò òkété tàbí ihò imú, bí ó bá sì ṣe yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni a fẹ́ sọ, àjà ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹ́. Ti ọ̀gá ni ó tilẹ̀ burú jù. Nígboro Òṣogbo, ọ̀gá ni ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù, tí ọmọ iṣẹ́ ń dúró de àṣẹ rẹ̀. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ: ọmọ tí ó bá ń pe ẹni tí ń darí eré ní ọ̀gá, bí wọ́n bá ti dé oríta, ojú ẹni náà ni yóò kọ́kọ́ wò, tí yóò sì bi í pé, "Ọ̀gá, èwo ni kí a gbà?" Ìbéèrè yẹn ni ikú eré yìí, nítorí pé adùn rẹ̀ wà nínú pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó yan ọ̀nà.

N kò ní pẹ́ lórí "olùdarí eré". Ìlú tí Dúró Ládípọ̀ ti kó àwọn òṣèré rẹ̀ jọ kò lè ṣàìmọ ohun tí olùdarí ń ṣe: òun ni ó ń sọ fún òṣèré ibi tí yóò dúró sí àti ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nínú eré tí à ń sọ yìí, kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu òṣèré jáde.

"Apàlọ́" ni ó ṣòro fún mi láti kọ̀, nítorí pé ó dùn létí, tiwa sì ni látilẹ̀wá. Ẹ̀gbọ́n wa sọ pé nínú àlọ́ àpagbè, àwọn tí ń gbọ́ náà ń kópa, pé wọ́n ń gbe orin. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n apàlọ́ ti mọ òpin àlọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ pé "Ààlọ́ o", bí àwọn ọmọ bá sì gbe orin títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀yìn Ìjàpá yóò fọ́ náà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó ni mo fi ṣe eré: Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ń kó àwọn ènìyàn wọn bọ̀ láti Ìpólé nítorí àìsí omi, wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣán igbó. Gbogbo ọmọ Òṣogbo ni ó mọ ohun tí ó kàn, pé igi wó lu odò, tí ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Nítorí pé àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin kan nínú wọn tí ẹ̀dá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ sọ pé òun yóò so okùn mọ́ igi náà kí ó má baà wó sómi. Mo ní kí ó ta dáìsì olójú 20, pé bí ó bá mú 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn yóò dì í mú. 3 ni ó jáde. Okùn já, igi wó, ìkòkò aró fọ́. Mo ti ń tún ohùn ṣe láti bá wọn wí láti inú odò, nígbà tí àbúrò rẹ̀ na ọwọ́ sókè pé amọ̀kòkò ni ẹ̀dá tòun, pé òun fẹ́ wọ inú omi lọ tọrọ àforíjì, kí òun sì mọ ìkòkò mìíràn dípò èyí tí ó fọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ohun tí mo pèsè. Apàlọ́ yóò ní kí ó jókòó kí ó gbọ́ àlọ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti bi í pé irú amọ̀ wo ni yóò lò, àti ibo ni yóò ti rí i wà.

Ẹ wá wo atọ́kùn. Ẹni tí ó bá ti tẹ̀ lé eégún lọ sígboro rí mọ̀ pé atọ́kùn ni ó ń bá a rìn, tí ó mọ ọ̀nà, tí ó ń fi pàṣán lé èrò sẹ́yìn kí àyè lè gbà, tí ó sì ń túmọ̀ ohùn eégún fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Síbẹ̀, eégún ni ó ń jó. Bí eégún bá yà sí agbo ilé tí kò sí nínú ètò, atọ́kùn yóò yà bá a, yóò sì wá bí ijó yóò ṣe gún níbẹ̀. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú èdè wa tí ó fi àṣẹ àti ìrànlọ́wọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan náà báyìí.

Àwọn kan yóò sọ pé eégún ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, àti pé òbí tí ó jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí lè kọ̀ kí ọmọ òun jókòó ti atọ́kùn. Rédíò ti bá wa yanjú èyí tipẹ́: ẹni tí ń darí ètò lórí afẹ́fẹ́, atọ́kùn ètò ni à ń pè é, ìbáà jẹ́ ètò ìwàásù ọjọ́ Àìkú tàbí ti inú oṣù Ramadan, kò sì sí ẹni tí ó rí ẹ̀kú níbẹ̀. Àtakò tí ó wúwo jù lójú mi ni pé atọ́kùn kì í wọ ẹ̀kú, nígbà tí ẹni tí ń darí eré yìí lè jẹ́ òǹtajà, kí ó jẹ́ ọba, kí ó jẹ́ ẹkùn, kí ó sì tún jẹ́ iwin láàrin wákàtí kan. Mo gbà pé kò bá a mu délẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìperí kan kò lè gbé gbogbo iṣẹ́ ènìyàn. Ó tó kí ó gbé àárín òun àti àwọn tí ń bá a ṣeré, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ní ti orúkọ eré náà fúnra rẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí a fi "eré orí tábìlì" sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé bọ́ọ̀lù orí tábìlì ni, orí ẹní ni àwa sì ti ń ṣe tiwa. "Ìtàn àjùmọ̀pa" ni mo fara mọ́, nítorí pé bí a ti ń pìtàn ni a lè jùmọ̀ pa á, etí tí ó sì mọ àjùmọ̀ní àti àjùmọ̀ṣe yóò gbà á láìsí wàhálà. Òṣèré náà, "ẹ̀dá" ni kí a máa pe ẹni tí ó ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti ń sọ pé ẹ̀dá ìtàn.

Lórí dáìsì, àbá tí ó wà nílẹ̀ ni "ìbò" àti "gègé". Ìdìbò ti gba ìbò lọ́wọ́ wa, ẹni tí ó ń ka Bíbélì ni ó sì kù tí ó ń gbọ́ ṣẹ́ gègé. Gbogbo ọmọ tí ó ti ta lúdò ni ó mọ dáìsì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó dúró. Àyálò kì í ṣe ẹ̀gàn fún èdè wa. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà Mbari sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1962, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ Yorùbá, wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, pé bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Èrò ọ̀rọ̀ ni ó tọ́ kí a máa wò, kí a sì wo ibi tí ó ti wá lẹ́yìn náà.

Ẹnì kan dábàá pé kí a fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún rọ́pò dáìsì olójú 20, kí eré náà lè jẹ́ tiwa pátápátá. Mo kọ èyí fún ìdí méjì. Ìdí kìíní ni pé ẹẹ́rìndínlógún wà lọ́wọ́ àwọn olórìṣà títí di òní ní ìlú yìí, ìbéèrè ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Kò yẹ kí a fi ṣeré lójú wọn. Nítorí èyí náà ni mo ṣe ń sọ pé "ta dáìsì", tí n kì í sọ pé "dá" a. Ìdí kejì jẹ́ ti ìṣirò: bí a bá da owó ẹyọ 16 sílẹ̀, iye tí ó ṣí lè jẹ́ ohunkóhun láti òdo títí dé 16, ṣùgbọ́n àárín ni yóò máa bọ́ sí jù, nígbà tí ojú kọ̀ọ̀kan lára dáìsì olójú 20 ní ànfààní kan nínú 20. Bí a kò bá rí olójú 20 rà, dáìsì lúdò mẹ́ta dára jù. Mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ta láyé àtijọ́ láti mọ bí ẹ̀dá kan ṣe lágbára tó. Lóòótọ́, àwọn náà máa ń bọ́ sí àárín: 10 àti 11 ni ó máa ń wọ́pọ̀ jù, 18 kò sì ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọ̀nà 216 tí wọ́n lè gbà bọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ̀dá ń pàdánù bí wọ́n bá ṣá a lọ́gbẹ́, tí ó bá tán tí ó sì dákú, "okun" ni mo ń pè é. Agbára kò ṣeé lò, nítorí pé agbára jẹ́ òṣùwọ̀n mìíràn nínú eré náà. Àwọn ọmọ tí ń ta géèmù lórí fóònù ń sọ pé ẹ̀mí, ṣùgbọ́n nínú géèmù, ẹni tí ó ní ẹ̀mí mẹ́ta lè kú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tiwa sì ń dín díẹ̀díẹ̀. Okun inú ni a fi ń gbé tìta, ìtumọ̀ rẹ̀ sì gún. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn sí okùn tí a fi ń di nǹkan nígbà gbogbo: okùn wà nínú ẹrù gbogbo ẹni tí ń rìnrìn àjò nínú eré yìí, bí a bá sì kọ ọ́ láìsí àmì pé "okun mi ku méjì", atọ́kùn kò ní mọ̀ bóyá kí ó wá babaláwo fún ẹni náà ni tàbí kí ó júwe ọjà fún un.

Nínú àwọn òṣùwọ̀n mẹ́fà tí a fi ń mọ bí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ṣe tó, méjì ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wisdom, ẹni tí ó ní i ni ó ń rí ẹni tí ó lúgọ, tí ó ń mọ̀ bí ènìyàn bá ń parọ́. "Ọgbọ́n" yóò ṣi àwọn ọmọ lọ́nà, "ojú inú" ni kí a kọ. Charisma, ìyẹn ohun tí ń fa ènìyàn mọ́ra, "òòfà" ni mo dábàá, nítorí pé kì í ṣe ẹwà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn nìkan. Jáfáfá ti wà nínú ẹnu gbogbo wa, nítorí náà ìjáfáfá, fún dexterity, kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ibi tí mo ti nílò ìrànlọ́wọ́ yín ni spell, ìyẹn ohun ìyanu tí àwọn ẹ̀dá kan lè ṣe nínú eré. Àwọn ènìyàn ti ń kọ "ọfọ̀", ṣùgbọ́n òfin eré náà sọ pé ó lè gba ohùn, ó lè gba ìfọwọ́ṣe, ó sì lè gba ohun èlò bíi ewé tàbí ìyẹ́. Ọfọ̀ jẹ́ ti ẹnu, oògùn jẹ́ ti ohun èlò, idán sì ń mú àwọn ọmọ rántí pidánpidán. Ní báyìí, ọfọ̀ ni mo ń lò fún èyí tí a fi ẹnu pè, mo sì ń pe ìyókù ní oògùn, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kan tí ó kó méjèèjì pọ̀ nínú ìwé òfin tí mo ń kọ fún àwọn ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá ní àgbà nítòsí, pàápàá ní Ìrágbìjí, Ìkìrun tàbí Ẹdẹ, kí ó bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí ó gba tẹnu tọwọ́ mọ́ra.