Design thinking fún akẹ́kọ̀ọ́ 120 l'Ógbòmọ̀ṣọ́: gbogbo gúrúùpù ló ń mú ápù wá

Tíṣà_Ajílété
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ENT 211 ni, kọ́ọ̀sì ìdókòwò tí NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì, fi sínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ wọn fún yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ 120, wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12, gbọ̀ngàn tí wọ́n kan àga rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sówó. Design thinking, ìyẹn kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó níṣòro kó tó wá ojútùú, ni mo fẹ́ kọ́ wọn, ní ìgbésẹ̀ márùn-ún ti Yunifásítì Stanford: kí wọ́n mọ ẹni tí ìṣòro ń bá fínra, kí wọ́n sọ ìṣòro náà gan-an, kí wọ́n kó èrò jọ, kí wọ́n ṣe àwòṣe (ohun tí a kọ́kọ́ ṣe láti fi yẹ èrò wò), kí wọ́n dán an wò. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé bí a bá ti ní kí wọ́n lọ wá ìṣòro, ápù ni wọ́n ń gbé bọ̀. Ápù oúnjẹ, ápù ọ̀kadà, ápù tí yóò so àgbẹ̀ mọ́ oníbàárà. Bí wọ́n bá sì lọ bá àwọn èèyàn lọ́jà, "wọ́n ní ó dáa" ni èsì. Báwo lẹ ṣe ń tò ó? Kí lẹ sì ń fún ní máàkì?

Ẹ̀gbọ́n_Ọjà_Igbó
Àbúrò, "ẹ lọ wá ìṣòro" yẹn gan-an ló ń bí ápù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí họ́sítẹ̀ẹ̀lì, fóònù ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ náà ló máa ronú kàn. Iṣẹ́ tí ojú lè rí ni kí ẹ fún wọn. Ẹ mú mẹ́rin: gàrí yíyan, kajú pípa, ìránṣọ, fọkanáísà. Gúrúùpù 24 ti èèyàn márùn-ún márùn-ún, mẹ́fà lórí iṣẹ́ kan, kí ẹ sì pín ọjọ́ fún wọn, kí gúrúùpù mẹ́fà má baà ya bo ìyá kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. (Àwọn tó bá lọ síbi kajú, ẹ kìlọ̀ fún wọn: òróró inú èèpo rẹ̀ máa ń bó awọ ọwọ́, kí wọ́n má fọwọ́ lásán mú un.)

Ẹni mẹ́ta ni kó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan á béèrè, ọ̀kan á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kẹta kò ní sọ̀rọ̀, ọwọ́ oníṣẹ́ ni yóò máa wò. Ẹnì kẹta yẹn ló máa ń mú nǹkan bọ̀ jù. Bí ẹ bá bi ìyá tó ń yan gàrí pé kí ni ìṣòro yín, owó ni yóò dá lé: igi wọ́n, pákí wọ́n. Kò ní sọ pé òun ti sún àpótí òun lẹ́ẹ̀mẹta lórí agbada kan torí afẹ́fẹ́ yí èéfín padà, tàbí pé ọwọ́ ọ̀tún lòun fi ń rò ó, tí òsì ń fi etí ìró nu omijé. Ó ti mọ́ ọn lára. Ojú ni wọ́n á fi rí i, kí wọ́n sì jókòó títí gàrí agbada kan á fi gbẹ, ó kéré tán.

Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn ìṣòro: ta ni, kí ló nílò, nítorí kí ni. "Àwọn tó ń yan gàrí nílò ẹ̀rọ ìgbàlódé": ẹ fa igi lé e, ojútùú ti wọ inú ìṣòro. Èyí tó dáa rèé: "Ìyá tó ń dá yan gàrí nílò ọ̀nà tí yóò fi máa rò ó láì kọjú sí èéfín, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń yí, kò sì lè fi agbada sílẹ̀ kí gàrí má jóná." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lórí gbólóhùn kan yìí kò pọ̀ jù. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tó débẹ̀ lóòótọ́.

Kíkó èrò jọ kò gba àkókò. Ẹ ká bébà A4 sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ojú mẹ́jọ ló máa jáde. Ìṣẹ́jú kan fún ojú kan, àwòrán ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbà kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gọ́fínọ̀ kíláàsì á sọ tirẹ̀, ìyókù á máa mi orí. Àwọn míì á dúró ní ìkẹrin. Ẹ lé wọn dé ìkẹjọ, torí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo gúrúùpù máa yà bákan náà.

Màmá_Àkẹ̀sán
Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí "wọ́n ní ó dáa" yẹn. Yoòbá kì í sọ fún ọmọ ọlọ́mọ tó kí òun dáadáa pé ohun tó gbé wá kò wúlò. "Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́": ìdágbére nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ "kò tíì dáhùn" sínú ìwé. Ìbéèrè tó bá ní "ṣé ẹ máa fẹ́" tàbí "ṣé ẹ máa rà" nínú, kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n bèèrè: "Èyí tí ẹ yan kẹ́yìn, báwo ló ṣe lọ látìgbà tí ẹ ti dáná?" "Nígbà tí èéfín pọ̀, kí lẹ ṣe?" "Èló lẹ ná sí i?" Bí kò bá tíì ná kọ́bọ̀, tí kò tíì fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ ààrò, tí kò tíì sún un kúrò níbẹ̀ rí, ó lè jẹ́ pé ìṣòro náà kò dùn ún tó bó ṣe ń dun àwọn ọmọ.

Kí wọ́n kí i ná: "ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá." Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó yọ ìwé síta. Bírò àti bébà láìsọ̀rọ̀, owó orí ni ìyá máa rò. Tàbí kó rò pé ìjọba fẹ́ pín owó, ìṣòro á di ogún lójijì. Fọ́tò, àfi tó bá gbà. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gbá àti oníṣẹ́ awọ níbí l'Ọ́yọ̀ọ́, ọ̀gá ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí, àmọ́ ọmọ iṣẹ́ ló mọ ibi tí ọ̀bẹ ti ń gé ọwọ́.

Igi_Àràbà
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ìgbésẹ̀ márùn-ún yẹn kì í ṣe àtẹ̀gùn téèyàn ń gùn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, ibi iṣẹ́, 4 àti 5, gbólóhùn, 6, èrò, 7 àti 8, àwòṣe kìíní àti ìdánwò rẹ̀, 9 àti 10, àwòṣe kejì àti ìdánwò rẹ̀, 11, owó, 12, àfihàn. Ẹni tó ṣe àwòṣe kan péré ò tíì kọ́ nǹkan kan.

Kí àwòṣe má kọjá ₦3,000, torí bí wọ́n bá ti náwó gidi sí i, wọn ò ní fẹ́ gbọ́ àbùkù rẹ̀ mọ́. Páálí, sẹ́lótéèpù, okùn, agolo, amọ̀. Àwòṣe kan, ìbéèrè kan. Fún èéfín yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ fi páálí ṣe ààrò tí kò níná, kí ìyá jókòó tì í, ká mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ dé àárín agbada. Bí kò bá dé, ọ̀rọ̀ páìpù tí yóò gbé èéfín jáde kò tíì kàn. Ìgbà kejì ni amọ̀ àti iná. Páìpù tí kò bá ga ju òrùlé lọ, afẹ́fẹ́ á ti èéfín padà wọlé. Ẹni márùn-ún tó fún ìdánwò kan. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí wẹ́ẹ̀bù ṣe lè rọrùn láti lò, kọ ọ́ ní 2000 pé ó sàn kéèyàn dán nǹkan wò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dọ̀ ẹni márùn-ún márùn-ún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọ̀ 15 lọ. Ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀bù ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó bá ààrò náà mu.

Owó ààrò kan: ká ní irin àti amọ̀ jẹ́ ₦18,000, wẹ́dà ₦7,000, ọkọ̀ ₦2,000. ₦27,000 nìyẹn. Bí wọ́n bá tà á ní ₦30,000, ₦3,000 ló kù. Bí wọ́n bá ti ná ₦60,000 sórí irinṣẹ́ ṣáájú, ààrò 20 ni wọ́n máa tà kí owó náà tó padà wọlé. Ṣé wọ́n lè dárúkọ ibi 20 tí wọ́n máa tà á sí? Owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Máàkì: ìwé àkíyèsí 30, gbólóhùn 15, ohun tó yí padà láàárín àwòṣe méjèèjì àti ìdí rẹ̀ 30, owó 15, ojú ìwé kan tí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ní kíláàsì 10. Ti ìkẹyìn yẹn ló máa tú àṣírí àwọn tí orúkọ wọn nìkan ló wà nínú gúrúùpù. Sláìdì, òdo.

Tíṣà_Ajílété
Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ 12 ńkọ́? Gúrúùpù 24, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, wákàtí méjì ti tán láìsí ìbéèrè kankan.

Igi_Àràbà
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun orí pèpéle. Ẹ lẹ páálí wọn mọ́ ògiri kọ́rídọ̀, àwòṣe méjèèjì nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Gúrúùpù 12 á dúró ti tiwọn fún ìṣẹ́jú 40, 12 yòókù á máa wò, á máa bèèrè, lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú tó kù, ẹ pe méjì nínú àwọn ìyá náà wá, ẹ sanwó ọkọ̀ wọn, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n lè gbé lọ sílé lónìí.