Kì í ṣe alágbàtà, onípátákó ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ará wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ká máa pe ẹni tó ni ojú-ewé tí àwọn ẹlòmíì ń kọ̀wé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní "alágbàtà", ká sì pe ẹjọ́ tó bá tibẹ̀ yọ ní "ẹ̀bi alágbàtà". Ó káre, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á.

Alágbàtà tí mo mọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán níbí, ó ń yẹ ọjà wò kó tó rà á, ó ń fowó lé e, ó ń tà á. Bí iṣu bá jẹrà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà sí. Orúkọ yẹn ti dájọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

Ohun tó wà lójú mi ni ilẹ̀kùn ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Àwọn èèyàn a máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí i: ewúrẹ́ tó sọnù, ọjọ́ ìpàdé, yàrá tó ṣófo. Ẹni tí kò mọ akọ̀ròyìn kankan, ilẹ̀kùn yẹn ni rédíò rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ọkùnrin kan kó owó àjọ jẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹbí ọkùnrin náà ti dé, ìyá ni wọ́n dojú kọ. Ìyá bu omi, ó nù ún kúrò. Wọ́n ní, "Bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n nù yìí, ṣebí ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀!" Ọ̀dà dúdú ló wà lára ilẹ̀kùn náà báyìí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ nǹkan síbí. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bá sọnù, kó máa fẹsẹ̀ wá a kiri.

Ilé-ẹjọ́ kan ní New York sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní 1995: nítorí pé iléeṣẹ́ Prodigy, tí àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí ojú-ewé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ń yọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa kúrò, wọ́n kà á sí olùtẹ̀jáde èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀, CompuServe, iléeṣẹ́ irú rẹ̀ tí kì í yẹ nǹkan wò, wọ́n ti dá a láre ní 1991. Ẹni tó gbálẹ̀ ló wá jẹ̀bi! Ìyẹn wà lára ohun tó bí Abala 230 nínú òfin Amẹ́ríkà ní 1996, tí ọkàn rẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 26 péré: onípátákó kọ́ ni a ó kà sí olùtẹ̀jáde tàbí ẹni tó sọ ohun tí ẹlòmíràn mú wá. Nínú òfin tiwa ní Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti 2015, abala 24, ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gan-an ló ń bá wí.

Ẹ ti rí i pé mo ti ń lò ó: "onípátákó". Pátákó ni tirẹ̀, ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe tirẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá mú ṣọ́ọ̀kì, ó di ẹni tó kọ ọ́ nìyẹn. "Ẹ̀bi" pàápàá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, ìgbà tí ẹjọ́ bá dá tán là ń mọ ẹlẹ́bi. "Ìjíhìn onípátákó" ni mo mú wá. Mo rò ó bóyá ká pe ẹni tó kọ ọ́ ní "ọlọ́rọ̀", ṣùgbọ́n olówó ni ọ̀pọ̀ etí máa gbọ́.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín?