Mo ra alùpùpù trials àlòkù: kí ló dé tó ń ta síwájú tí mo bá fi sí gíà, níbo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́?

Olùbéèrè, Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Mo ra Beta Evo 250 àlòkù, two-stroke, ti ọdún 2015: alùpùpù trials, irú èyí tí wọ́n fi ń rọra gun òkúta àti igi láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ọ̀kadà nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí kò ní ìjókòó, táńkì epo rẹ̀ kò tó lítà 3, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni pé ó ti jò. Mẹ́rin ni ìbéèrè mi, ẹ jọ̀ọ́.

Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tí mo fún kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ dé òpin, tí mo fi sí gíà kìíní, ńṣe ló máa ń ta gìjà síwájú, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ṣé kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán ni? Ọ́ìlì mélòó ni kí n pò mọ́ epo? Ẹni tó tà á fún mi sọ pé 80 sí 1 ni, ìyẹn epo 80 sí ọ́ìlì 1, ọ́ìlì yẹn sì kéré lójú mi. Afẹ́fẹ́ mélòó ni táyà ń gbà? Kí ni kí n sì kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́?

Rìpíà Àgbà

Ẹ má tíì ra péléètì inú kílọ́ọ̀ṣì o, ẹ̀gbọ́n. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá ti jẹ, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, alùpùpù kò ní rìn. Tiyín kò fẹ́ tú sílẹ̀ ni. Bí Beta bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì tó wà láàárín àwọn péléètì á lẹ̀ wọ́n mọ́ra, bí ife méjì tó tutù tí a kì bọ inú ara wọn. Ọ̀pọ̀ Evo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Láràárọ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sí gíà kejì, ẹ fún kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Á kọ́kọ́ le, táyà á fẹ́ wọ́ nílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ẹ ó gbọ́ ọ tó já, táyà á sì máa yí wẹ́rẹ́. Ẹ dá a padà sí fíríì, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ó tán ńlẹ̀, ẹ ní láti ṣí i. Ẹ ti epo pa, ẹ gbé alùpùpù dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì kò sí, kí ọ́ìlì má baà dà. Ẹ tú ìdérí, ẹ yọ péléètì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde gan-an. Lára àwọn péléètì tó ní ègé pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wo etí ègé kọ̀ọ̀kan dáadáa: ẹ ó rí gúlúù tó ṣàn jáde, tó gbẹ, tó sì ṣù síbẹ̀ bí oje igi. Gúlúù yẹn ló ń dí ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì yẹ kó gbà sá jáde. Ẹ fi ọ̀bẹ kékeré ha á kúrò jẹ́jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ojú ègé náà. Ẹ fi ọ́ìlì gíà tuntun pa péléètì lójú kí ẹ tó tò wọ́n padà.

Ọmọ Ìlọrin, Sheffield

Òótọ́ ni Rìpíà sọ, àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí títú. Alùpùpù àlòkù ni. Ẹ ò mọ ọ́ìlì tí ẹni àkọ́kọ́ dà sínú gíàbọ́ọ̀sì. Ọ́ìlì tó bá ki jù lè fa ìṣòro yìí fúnra rẹ̀. Ẹ gun un kó gbóná, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ da ti àtijọ́ nù, kí ẹ wá da èyí tó fẹ́lẹ́ sí i: 75W ti gíàbọ́ọ̀sì alùpùpù, tàbí ATF (ọ́ìlì gíà ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì), iye tí ìwé alùpùpù bá pè é. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò sí i, nítorí púpọ̀ nínú wọn ní èròjà ìyọ̀ tí á jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀.

Bí ẹ bá sì ń da ti àtijọ́ nù, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Tó bá funfun bíi tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Síìlì pọ́ǹpù omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má gùn ún bẹ́ẹ̀, bíárìn inú ẹ́ńjìnnì ni yóò jìyà rẹ̀.

Rìpíà Àgbà

Mo gbà. Kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ná, kí wọ́n gùn ún bí ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n tó gbé sípánà. Ohun kan ṣẹ́kù: bí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì bá rọ̀ bíi kànìnkànìn, afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù rẹ̀. Kí ẹ tó fi nǹkan kan kún un, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀. Àwọn kan ń lo DOT 4 (ọ́ìlì bíréèkì), àwọn kan ń lo mineral oil. Tí ẹ bá ṣì í dà, rọ́bà inú rẹ̀ á wú, gbogbo rẹ̀ lẹ ó sì pààrọ̀.

Ìyá Ìbejì, Derby

Lórí ọ́ìlì inú epo: mo mọ ibi tí ẹ̀rù yín ti wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré “I pass my neighbour” ló kọ́ gbogbo wa ní 50 sí 1. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ yẹn ń sáré lóní lọ́la ni. Alùpùpù trials ń rìn bí ẹni tó ń rìn lọ sójà, ẹ́ńjìnnì kì í sáré púpọ̀, nítorí náà ọ́ìlì tó pọ̀ kò ní jó tán. Á bà lé púlọ́ọ̀gì, á máa kán dúdú lẹ́nu sàlẹ́ńsà, alùpùpù á sì máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́nà nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. 80 sí 1 jẹ́ mílílítà 62.5 nínú lítà 5. 60 sí 1 jẹ́ 83. Láàárín méjèèjì yìí ni kí ẹ dúró sí, kó jẹ́ ọ́ìlì two-stroke tó jẹ́ synthetic pọ́ńbélé. Ẹ fi síríǹjì wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n.

Ẹ má sì máa yí i káàkiri. Bí ẹ bá fi ọ́ìlì kún un, epo gan-an tó ń gba ihò kábúrétọ̀ kọjá ló dín kù, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó rò pé òun ń dáàbò bò ó ló ń ṣe é léṣe.

Afẹ́fẹ́: ẹ̀yìn 4 sí 5 psi, iwájú 6. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ mẹ́rin, kì í ṣe méjìdínlọ́gbọ̀n ti ọ̀kadà. Táyà gbọ́dọ̀ rọ̀ kó lè wé mọ́ òkúta bí ọwọ́ ṣe ń di ẹ̀bà mú. Tó bá le, orí òkúta ló máa ti ta yín nù. Tó bá sì lọ sílẹ̀ ju 4 lọ, ríìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá òkúta, táyà sì lè bọ́ kúrò létí rẹ̀. Géèjì ilé epo kò lè ka a. Ẹ ra èyí tó parí sí 15 psi.

Ẹlẹ́gbẹ́ Ìdíje

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń gùn ún, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó mọ ọ̀kadà ti ń ṣìnà. Lórí ọ̀kadà, tọ́rọ́tù, ìyẹn ọwọ́ tí ẹ ń yí láti fún un níná, lẹ fi ń darí ìrìn. Lórí èyí, kílọ́ọ̀ṣì ni. Tọ́rọ́tù á dúró díẹ̀, bíńtín, ìka kan ṣoṣo ni yóò sì máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tí yóò máa fà á padà, ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú gan-an. Ìka kan lórí kílọ́ọ̀ṣì, ìka kan lórí bíréèkì iwájú, gbogbo ìgbà. Mẹ́ta tó kù ló ń di ọwọ́ alùpùpù mú.

Ẹ wá koríko tó tẹ́jú, ẹ gbé nǹkan méjì kalẹ̀, kí ó jìnnà síra bíi mítà 5. Ẹ máa fi gíà kejì yí wọn ká bíi 8, ní ìdúró. Gíà kìíní máa ń já mọ́ ẹni tuntun lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń yà sósì, alùpùpù ló ń tẹ̀ sósì, ara yín kọ́. Ìdí yín á jáde sápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò tẹ ibi ìtẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú yín á wà níbi tí ẹ ń lọ, kì í ṣe lórí táyà. Ẹ ó rí i pé ní yíyà sósì, apá ọ̀tún á nà tán, ìnà yẹn á sì máa fa tọ́rọ́tù ṣí láìmọ̀: ìdí nìyí tí alùpùpù fi ń ta lójijì níbẹ̀. Kí ẹ tó yà, ẹ yí ọwọ́ ọ̀tún di i mú lọ́nà tí ọrùn ọwọ́ á fi wálẹ̀ díẹ̀ nígbà tí apá bá nà. Ní yíyà sọ́tùn-ún, kílọ́ọ̀ṣì ni yóò jìnnà sí yín. Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ṣí síta.

Nígbà tí ẹ bá lè yí i ní ìgbà mẹ́wàá láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ wá igi tó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ lọ bá a ní ìrìn ẹsẹ̀, tààrà. Tó bá ku bí ìdajì mítà, ẹ fi orúnkún tẹ alùpùpù mọ́lẹ̀, ẹ dìde, ẹ fún un níná ṣókí. Iwájú á gbéra, táyà á fọwọ́ kan òkè igi. Níbẹ̀ yẹn ni kí ẹ ti tọ́rọ́tù pa, kí orúnkún tún tẹ̀, kí ẹ̀yìn gun ún fúnra rẹ̀. Ẹni tí tọ́rọ́tù rẹ̀ ṣì ṣí nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá kan igi, iwájú rẹ̀ á tún gbéra, á sì dojú dé e lẹ́yìn.

Olùbéèrè, Leeds

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo tì í síwá sẹ́yìn bí ẹ ṣe wí, ó já lóòótọ́, kò sì ta mọ́. Ṣé mo lè máa lo igbó tó wà lẹ́yìn ilé wa?

Ẹlẹ́gbẹ́ Ìdíje

Àfi tí ẹni tó ni ilẹ̀ bá gbà. Òfin ọkọ̀ ilẹ̀ Britain ti ọdún 1988 kò fàyè gba ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, tàbí ilẹ̀ gbogboògbò, ọlọ́pàá sì lè gba alùpùpù náà. Ẹ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ ACU (Auto-Cycle Union, àjọ tó ń darí eré ìdíje alùpùpù níbí). Yorkshire kún fún wọn. Ní ọjọ́ ìdíje, ọ̀nà tó rọrùn máa ń wà fún ẹni tuntun. 0 ni ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan 1, ẹ̀ẹ̀mejì 2, jù bẹ́ẹ̀ lọ 3. Ẹni tó ṣubú tàbí tó jáde kúrò láàlà gba 5. Ẹni tí àmì rẹ̀ kéré jù ló gbégbá orókè.

Ìyá Ìbejì, Derby

Lẹ́yìn ìgùn: bókẹ́ẹ̀tì àti fọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Omi alágbára á ti ẹrẹ̀ wọ bíárìn. Ẹ yọ fíìtà afẹ́fẹ́, ẹ fi omi ọṣẹ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ má lọ́ ọ, kó gbẹ tán, kí ẹ fi ọ́ìlì fíìtà pa á títí gbogbo rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan náà. Ibi tó bá ṣì funfun ni iyanrìn á gbà dé písítìn.

Rìpíà Àgbà

Okùn tí ẹ ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, tó ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá ṣubú: ACU kò ní jẹ́ kí ẹ díje láìsí i. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan láràárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ rí i pé ó kú. Ti àlòkù máa ń dípatà nínú, ẹ sì lè rí i pé ẹni àkọ́kọ́ ti já wáyà rẹ̀.