Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá: iṣẹ́ àánú tí à ń ṣe fún àwọn ìdílé aláìní ní ìgbèríko ti fẹ́ dáwọ́ dúró

Òǹbéèrè:
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ọkàn mi kò lélẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Ọlọ́run ti fi í sí mi lọ́kàn láti máa gbé oúnjẹ, aṣọ àti oògùn lọ fún àwọn ìdílé tí ìṣẹ́ ń bá fínra ní àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé àwọn wà lẹ́yìn wa. Wọ́n rán aṣọ kan náà, wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì ń gba máìkì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Lónìí, bí mo bá ní kí a lọ sí abúlé, ẹnì kan yóò ní ara òun kò yá, ẹlòmíràn yóò ní òun ní àlejò nílé, èmi, aya mi àti awakọ̀ wa nìkan ni yóò sì kù nídìí ọkọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìjọ. Wọ́n ti gba ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n máa ń fún mi láti sọ̀rọ̀ ní ìparí oṣù, wọ́n sì ti gbé e fún ẹgbẹ́ akọrin. Alàgbà kan wò mí lójú, ó ní ọ̀lẹ ni àwọn tí à ń gbé oúnjẹ lọ fún. Kò tíì dé ibẹ̀ rí. Kò rí ìyá tí ó da ọkà tí a fún un sórí ẹní, tí ó ń fi ọwọ́ bù ú ní ìkúnwọ́ ìkúnwọ́, tí ó sì ń di ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà jẹ ti ọ̀la mọ́ ti òní. Ẹni tí ó ń fún wa lówó jù lọ náà ti kẹ̀yìn sí wa láìnídìí, bẹ́ẹ̀ òun ni a gbójú lé.

Báwo ni mo ṣe lè ta àwọn onígbàgbọ́ jí kí wọ́n tún máa dá owó? Ṣé wọn kò ka Jákọ́bù orí 2 ni, níbi tí ó ti bá wa wí pé kí a má ṣe sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kí ó máa lọ ní àlàáfíà, kí a má sì fún un ní nǹkan kan? Kí ni ó kù tí mo lè sọ fún wọn?

Akápò Ìjọ:
Ajíhìnrere, ẹ kú làálàá. Mo ti tọ́jú owó irú iṣẹ́ yìí rí, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń wọni lára. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ kò tíì tó fún wa láti gbà yín nímọ̀ràn. Ìdílé mélòó ni ó wà nínú ìwé yín? Èló ní ń wọlé lóṣù, èló ní ń jáde? Àwọn mélòó ní ń dá owó náà, àbí ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé ìdajì rẹ̀? Orúkọ ta ni ó wà lórí àkáǹtì yín ní báǹkì, àwọn wo ní ń fọwọ́ sí i? Ṣé ẹ ti forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin? Bí ẹnì kan bá ń gbé ìdajì owó, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ebi yóò dé abúlé, bí ìfẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ dín kù.

Màmá Ẹgbẹ́ Ìyá:
Ọmọ mi, Olúwa yóò dúró tì ọ́. Èmi àti ọkọ mi tó ti sùn nínú Olúwa ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí ara wa ṣì le. Yàrá àwọn ọmọ wa ni à ń kó aṣọ ọrẹ sí, àwọn ọmọ a sì máa sùn ní pálọ̀. Ọkọ mi a máa sọ pé Ọlọ́run nìkan ni kí a máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni George Müller ṣe ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi tọ́ àwọn ọmọ òrukàn tí ó lé ní 10,000. A gbàdúrà, oúnjẹ sì ń wá. Owó kọ́ ni ó dá wa dúró. Ẹsẹ̀ ni ó ń dun ọkọ mi, a kò sì ti kọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Má bá ènìyàn jà. Gbàdúrà, kí o sì máa lọ.

Olùkọ́ Bíbélì:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n alàgbà yẹn kò jẹ̀bi tán. Pọ́ọ̀lù sọ nínú 2 Tẹsalóníkà orí 3 pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Nínú 1 Tímótì orí 5, ó ní opó tí a óò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ẹni 60 ọdún, ó sì ní kí ẹni tí ó ní opó nínú ẹbí rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀, kí ẹrù má baà wọ ìjọ lọ́rùn. Ṣé ẹ ti bèèrè ẹni tí ó ní ẹbí àti ẹni tí kò ní? Bí ẹ bá ń gbé àpò kan náà fún gbogbo ènìyàn lóṣooṣù láìní òpin, kò sí àpò owó tí kò ní gbẹ.

Àgbẹ̀ Onígbàgbọ́:
Abúlé ni wọ́n bí mi sí, oko ni mo sì ń ro di òní, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yìí dùn mí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ebi ń pa ní ìgbèríko ń jí ṣáájú àwọn tí ń pè é ní ọ̀lẹ. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé oúnjẹ ọdún tó kọjá á tán kí ti ọdún yìí tó gbó. Wọ́n á jẹ irúgbìn, wọ́n á yá owó èlé, wọ́n á sì ta ìkórè wọn ní ọ̀pọ̀ lójú oko kí wọ́n lè san gbèsè, ọdún mìíràn á sì tún bá wọn nínú gbèsè.

Friedrich Wilhelm Raiffeisen, onígbàgbọ́ ará Jámánì, rí irú èyí nígbà tí ó jẹ́ olórí ìlú Weyerbusch. Nígbà tí ìyàn mú ní ọdún 1846 sí 1847, ó kó àwọn olówó jọ, wọ́n ń yan búrẹ́dì fún àwọn tálákà láti gbà ní àwìn. Lẹ́yìn náà, ó dá àwọn ẹgbẹ́ àánú mìíràn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ó máa ń rẹ àwọn tó ń fi owó sílẹ̀, iṣẹ́ á sì dúró. Ìyẹn ni ó mú un yí ọwọ́ padà. Ní ọdún 1864, ní Heddesdorf, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn ará ìgbèríko fúnra wọn ti ń yá owó, tí wọ́n sì jọ ń ṣe onígbọ̀wọ́ ara wọn. Ẹ fún àwọn tí wọ́n lè ro oko ní irúgbìn kí àkókò ìgbìn tó dé, kí wọ́n sì dá òṣùwọ̀n kan padà sínú àká gbogbo ìlú lẹ́yìn ìkórè.

Òǹbéèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àwọn ìdílé tí à ń bójú tó lé ní 40. Ní ti orúkọ tó wà ní báǹkì, n kò rí bí ìyẹn ṣe kan ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé n kì í jalè. Ọ̀rọ̀ ará Jámánì yìí dára fún ẹni tó ní ilẹ̀ àti okun, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tí ń tọ́ ọmọ òrukàn wà lára àwọn tiwa, kí ni wọn yóò fi san án padà? Kí Olùkọ́ Bíbélì bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó kà á fún wọn níbẹ̀. Màmá, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára jù. Müller kò gbé ìwé ìṣirò kiri, kò sì tẹrí ba fún ìgbìmọ̀ ìjọ kankan. Ọlọ́run ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, ọ̀nà yẹn gan-an sì ni èmi náà ń tọ̀.

Arábìnrin Nọ́ọ̀sì:
Mo wà lára àwọn tó kúrò nínú irú iṣẹ́ yìí, ìfẹ́ mi kò sì tutù. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni olórí wa máa ń pè wá pé a ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Èmi ni mo ń wọ ọkọ̀ ara mi, èmi ni mo ń ra ibọ̀wọ́ tí mo fi ń wẹ egbò. Bí mo bá ní ó ti rẹ̀ mí, yóò bi mí bóyá ó rẹ Jésù. Ẹ mú ọjọ́ kan pàtó nínú oṣù, kí ẹ pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ méjì, kí olúkúlùkù mọ ìgbà tí ìsinmi tirẹ̀ kàn. Lára àwọn tó sá, ẹ óò rí àwọn tí yóò padà.

Akápò Ìjọ:
Ajíhìnrere, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ohun tí Müller kò ṣe mọ́ ọn lórí. Òótọ́ ni pé kì í tọrọ owó lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti ṣí ilé àwọn ọmọ òrukàn àkọ́kọ́ ní ọdún 1836 ni ó ti ń kọ ohun tí ó ń wọlé sílẹ̀, tí ó sì ń tẹ ìròyìn jáde lọ́dọọdún nípa bí ó ṣe ná an. Kì í kọ orúkọ àwọn tó fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ lè rí ẹ̀bùn rẹ̀ níbẹ̀. Ìṣirò ti àwọn ọmọ òrukàn wà lọ́tọ̀, ti ilé-ìwé àti ti Bíbélì wà lọ́tọ̀.

Pọ́ọ̀lù náà, nígbà tí ó ń kó ọrẹ lọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Ẹ ka 2 Kọ́ríńtì orí 8: ó rán àwọn arákùnrin mìíràn pẹ̀lú Títù kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀bi wọn, nítorí ó fẹ́ ṣe ohun tó tọ́ níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn. Ẹ wá sọ fún wa, ẹni tó ń fún yín jù lọ yìí, kí ni ó sọ kẹ́yìn?

Òǹbéèrè:
Níwọ̀n bí Akápò ti tẹnu mọ́ ọn, n óò sọ ọ́. Ó kọ̀wé pé kí n fi àwòrán kànga ránṣẹ́ sí òun. Owó tó fi sílẹ̀ kẹ́yìn, ó ní kí a fi gbẹ́ kànga fún abúlé kan tí wọ́n ń mu omi odò. Àkókò ebi ni owó náà bọ́ sí. Àká ti gbẹ, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kan sì ti ń wú. Ṣé kí n máa wo owó nílẹ̀ kí ọmọ kú? Oúnjẹ àti oògùn ni mo fi í rà, kò sí èyí tó wọ àpò mi nínú rẹ̀. N kò tíì fèsì, nítorí kò sí kànga tí mo fẹ́ ya àwòrán rẹ̀. Dáfídì jẹ búrẹ́dì tí kò tọ́ sí i nígbà tí ebi ń pa á, Olúwa wa kò sì dá a lẹ́bi.

Olùkọ́ Bíbélì:
Nígbà náà, òun kọ́ ni ó kẹ̀yìn sí yín. Ẹ̀yin ni kò gbúròó yín. Ní ti Dáfídì, ẹ padà sí 1 Sámúẹ́lì orí 21. Kò yọ́ wọlé gbé búrẹ́dì. Ó bèèrè lọ́wọ́ àlùfáà, àlùfáà sì gbé e fún un. Ibi tí ó ti fi òtítọ́ pa mọ́ fún àlùfáà náà ni ó ti bàjẹ́, nítorí ní orí 22, wọ́n pa Ahimélékì, àlùfáà náà, àti àwọn ará ilé rẹ̀, Dáfídì sì sọ fúnra rẹ̀ pé òun ni òun fa ikú wọn.

Arábìnrin Nọ́ọ̀sì:
Ẹ rọra, Olùkọ́. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń wú nítorí àìjẹunre kánú, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni, ilé ìwòsàn sì ni ó yẹ kí a gbé e lọ, nítorí oúnjẹ nìkan lè má tó o. Èmi náà ì bá ná owó yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ì bá mọ́ ni, mo ì bá ti pe olówó. Ajíhìnrere, ẹ má sì fi ojú kékeré wo kànga. Ọmọ tó ń mu omi ìdọ̀tí yóò máa ṣu omi, oúnjẹ tí ẹ gbé lọ kò sì ní dúró lára rẹ̀. Kànga náà wà lára oúnjẹ wọn.

Màmá Ẹgbẹ́ Ìyá:
Ọmọ mi, èmi ni mo sọ pé kí o má bá ènìyàn jà. N kò sọ pé kí o sá fún ènìyàn. Kọ̀wé sí ọkùnrin náà.

Akápò Ìjọ:
Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò gbà kí a fi owó tí a fún wa fún ohun kan ṣe òmíràn láìgba àṣẹ, bí ohun kejì náà tilẹ̀ dára. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yín pé a kò tíì gbẹ́ kànga, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ná àti ohun tí ẹ rà. Ẹ fi rìsíìtì mọ́ ọn. Ẹ wá bèèrè bóyá yóò gbà kí ó jẹ́ ti oúnjẹ, tàbí kí ẹ máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ sí àpò kànga. Ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì gbèjà ara yín níbẹ̀. Títí yóò fi fèsì, ẹ má ṣe kọ orúkọ ìdílé tuntun.

Òǹbéèrè:
Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí ó bá sọ ọ́ síta, ìjọ yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó kú. Síbẹ̀, n óò kọ lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ yìí. Aya mi tọ́jú rìsíìtì gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìkọ̀wé kan. N óò bi Àgbẹ̀ Onígbàgbọ́ nípa irúgbìn fún àwọn tí ó lè ro oko. Àwọn ìyá àgbà, n kò ní dá tiwọn dúró. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí ìgbìmọ̀ máa pàṣẹ lórí owó. Akápò, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ojú ewé ìṣirò náà ṣe máa ń rí?

Akápò Ìjọ:
A kò ní kí ìgbìmọ̀ máa pàṣẹ. Ẹni méjì tí kì í ṣe tọkọtaya ni kí ó máa fọwọ́ sí owó, kí ẹnì kẹta tí kò fọwọ́ sí i sì máa yẹ ìwé wò. Ojú ewé kan ti tó fún oṣù kan. Ẹ kọ iye tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, iye tó wọlé, ohun tí ẹ rà pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì rẹ̀, iye ìdílé tó gbà á, àti iye tó ṣẹ́kù. Kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dá owó, títí kan ẹni tó dá èyí tó kéré jù. Owó kànga náà, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ bí gbèsè, kí ó máa hàn lóṣooṣù títí ẹ óò fi dá a padà, tàbí títí ẹni tó ni ín yóò fi kọ ọ́ ránṣẹ́ pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò.