Ẹ sọ ti yín o: ibo lẹ máa ń jáde lọ ní Washington, D.C. tí òtútù bá ti lọ?

Màmá Kòfo (Bowie):

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará D.C. àti Maryland. Mo mọ̀ pé òtútù yìí ti sú gbogbo wa, bí mo ṣe ń tẹ èyí ìbọ̀sẹ̀ méjì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n March ti wọlé, igi ti fẹ́ máa rúwé, mo wá ní kí kálukú wá sọ ohun tójú ẹ̀ rí níta, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti lo ọdún mẹ́wàá ńbí tó jẹ́ iṣẹ́, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, pátì ní họ́ọ̀lù, ó parí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

2023 ni màmá mi wá láti Ìbàdàn wá bá mi tọ́jú ọmọ. Ọmọ pé oṣù mẹ́ta, màmá ò tíì rí ibì kankan ju kíṣìnì mi àti Walmart lọ. Mo ní mo máa mú wọn lọ wo òdòdó cherry ní Tidal Basin, ibi omi tó wà lẹ́bàá Washington Monument yẹn. Àmọ́ iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí mo bá dé láàárọ̀ oorun ni, mo wá ń sún un síwájú, ọ̀la ni, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ìgbà tá a fi débẹ̀, April ti wọlé, gbogbo ẹ̀ ti rẹ̀ dànù! Ewé òdòdó funfun kún orí omi bí ìgbà tí wọ́n bá tu ìyẹ́ adìẹ lọ́jọ́ ọdún, èyí tó kù lórí igi ò tó nǹkan, ewé ni igi tiẹ̀ ń yọ. Màmá mi dúró, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní "Ṣé èyí ni gbogbo ayé ń wọ ọkọ̀ òfúrufú wá wò?" Mo ní ẹ má bínú màámi, èmi ni mo pẹ́. Wọ́n ní ó dáa, kí ló máa ń so? Mo ní kò so nǹkan tí èèyàn ń jẹ, torí òdòdó ni wọ́n ṣe gbìn ín. Háà! "Igi tí ò so, òun ni wọ́n ń ṣọdún fún?"

Ibi tá a wà nìyẹn tí àwọn ọmọbìnrin Japan kan fi wá bá wa, pé àwọn fẹ́ bá màmá ya fọ́tò. Ẹ sì wo bí màmá mi ṣe múra o: ìró àti bùbá àǹkárá, gèlè tó le gbagidi, jákẹ́ẹ̀tì wíntà ọkọ mi lókè ẹ̀ tó balẹ̀ dé orúnkún. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti tò sí láìnì! Òdòdó ti tán, màmá mi ni wọ́n ń wò. Màmá ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu bi mi ní Yorùbá pé ṣé wọn ò ní sanwó ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó wá mọ̀ pé èèyàn kì í kàn dìde lọ. Àwọn National Park Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn pápá, ló ń ṣọ́ igi yẹn, tí 70% òdòdó àwọn tí wọ́n ń pè ní Yoshino bá ti là, wọ́n á kéde pé ó ti dé góńgó. 2023 tí mò ń sọ yẹn, March 23 ni. Èmi ń sùn.

Ó yá, ẹ sọ ti yín.

Awakọ̀ Òru:

Màmá Kòfo, ẹ ò jẹ̀bi, òdòdó yẹn ò ṣeé fọkàn tán. Uber ni mò ń wà, ọdọọdún ni mò ń gbé èrò lọ síbẹ̀, ọdún kan ò jọ ìkejì. 2024, March 17 ló dé góńgó, 2025 ó di March 28. Tí òjò àti atẹ́gùn bá wá pàdé lórí ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó tán.

Ṣùgbọ́n ti mọ́tò ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má wa mọ́tò lọ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Èmi tó jẹ́ pé mọ́tò ni mo fi ń jẹun, ọjọ́ tí mo ní kí èmi náà gbé ìyàwó mi ṣe fáàjì, mo yí ká fún bíi wákàtí kan, mo wá rí àyè kan, mo ka bọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀, lójú tèmi ó dà bíi pé kò kan wíkẹ́ńdì. A rìn yí omi yẹn ká, a jẹ súyà tí ìyàwó mi dì sínú fọ́ìlì, à ń ṣe bí ọmọ ogún ọdún. A padà dé, ilẹ̀ lásán la bá. Ìyàwó mi ní bóyá títì míì ni, mo ní ìwọ náà wo igi yìí, ṣé kì í ṣe abẹ́ ẹ̀ la páàkì sí? Wọ́n ti wọ́ ọ lọ. Iye tí mo san kí wọ́n tó gbé e fún mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí torí ìyàwó mi máa ń ka gbogbo nǹkan tí mo bá kọ, iye tí mo sọ fún un ọ̀tọ̀.

Èrò kan tí mo gbé lọ́jọ́ kan, bàbá òyìnbó arúgbó, ló sọ ìtàn igi yẹn fún mi, mo lọ wò ó fúnra mi lẹ́yìn náà, òótọ́ ni. 1910 ni Japan kọ́kọ́ fi 2,000 igi ránṣẹ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò àti àrùn ló wà lára ẹ̀, wọ́n bá dáná sun gbogbo ẹ̀. Ẹ̀bùn o! Tó bá jẹ́ àárín àwọn àna nílé wa ni, ìjà ọdún méje nìyẹn. Àwọn ará Tokyo ò bínú, olórí ìlú wọn, Yukio Ozaki, tún fi 3,020 míì ránṣẹ́. March 27, 1912, ìyàwó ààrẹ Taft àti ìyàwó aṣojú Japan ló gbin méjì àkọ́kọ́.

Mo tún fẹ́ràn igi kan níbẹ̀, Stumpy ni wọ́n ń pè é. Kùkùté ni, ara ẹ̀ ti luhò, èèyàn lè ti ẹ̀yìn ẹ̀ wo iwájú, ẹ̀ka tó kù lórí ẹ̀ ò ju tín-ín-rín lọ, síbẹ̀ ọdọọdún ló ń tanná. Omi ló ń pa á, ògiri tó yẹ kó dá omi dúró ti rì wọlẹ̀, ojoojúmọ́ lomi ń wọ ibi gbòǹgbò ẹ̀. 2024 ni wọ́n gé òun àti bíi 140 cherry míì kí wọ́n lè tún ògiri yẹn kọ́. Kí wọ́n tó gé e mo gbé èrò débẹ̀, mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Àwọn èèyàn ti kó òdòdó wá sí ìdí ẹ̀ bíi ti òkú. Wọ́n ní wọ́n ti já ẹ̀ka lára ẹ̀ láti fi gbin ọmọ míì sha.

Abẹ́rẹ́ Ojú:

Èmi ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ o, ẹ máa gbádùn. Tí igi bá ti tanná báyìí, ojú mi á pọ́n bí ojú ẹyẹ àlùkò, imú á máa da bí ẹ̀rọ omi. Ọjọ́ tí mo lọ, mo sín tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan fi fún mi ní odidi páálí tíṣù. Látorí fóònù yín ni mo ti ń wò ó báyìí.

Ìyá Ìbejì:

Pẹ̀lẹ́ o, Abẹ́rẹ́ Ojú 😂. Tèmi ni ti káìtì. Ní ìparí March, wọ́n máa ń ṣe Blossom Kite Festival ní pápá tó yí Washington Monument ká, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ìbejì mi pariwo káìtì sí mi létí títí, mo ní kí bàbá wọn ra méjì lọ́jà. Bàbá Ìbejì ní ra kíni? Pé Mushin lòun dàgbà sí, pé òun ò lè fi owó ra nǹkan tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe láti kékeré.

Ó lọ já ọwọ̀ mi, ọwọ̀ gidi tí wọ́n bá mi mú wá láti ilé o, ó fa igi mẹ́fà jáde níbẹ̀. Ó gé náílọ̀n dúdú, ó fi òwú ìránṣọ so ó, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ó wá ya àǹkárá àtijọ́ mi kan láìbi mí, ó ní ìrù nìyẹn. A débẹ̀, ẹ ẹ̀ rí ojú ọ̀run! Ẹja ńlá, dírágónì, ẹyẹ, èyí tó gùn bíi bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ mi wo tiwọn, wọ́n wo mi. Bàbá Ìbejì sáré, káìtì dìde díẹ̀, ó yí bí òkòtó, ó já lulẹ̀ sórí oúnjẹ àwọn kan tó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì jókòó. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ó ní ìrù ni ò wúwo tó, ó tún ya àǹkárá kún un (torí ó ti gbé e dání!). Ìgbà yẹn ló wá gòkè lóòótọ́. Ó lọ, ó lọ, náílọ̀n dúdú láàárín àwọn aláràbarà, àwọn ọmọ ń fò sókè. Òwú bá já.

Atẹ́gùn ń gbé e lọ sọ́nà White House. Bàbá Ìbejì wò ó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní "Ẹ kó bàtà yín, ó yá, ilé yá." Kí wọ́n tó bi wá pé ta ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ White House, ọ̀rẹ́ mi kan rí tíkẹ́ẹ̀tì Easter Egg Roll gbà, ọjọ́ Ajé Easter ni wọ́n máa ń ṣe é, láti 1878. Orúkọ ni wọ́n máa ń fà bíi lọ́tìrì. Àwọn ọmọdé á máa fi ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn yí ẹyin lórí koríko. Èmi ti kọ orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò fà mí rí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Silver Spring):

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dúró de May. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù May, àwọn ẹ́ḿbásì máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, Sátidé kejì ni ti àwọn ilẹ̀ Europe. Ẹ gbọ́ mi o: ẹ́ḿbásì tí èèyàn wọ̀ tí ò mú báńkì sítétímẹ́ǹtì dání, tí wọn ò bi í pé ìgbà wo lo máa padà, tí wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i, tí wọ́n fún un ní nǹkan jẹ! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, àyà mi ń já, mo mú páásípọ́ọ̀tù dání. Bàbá sìkíọ́rítì ní kí n fi pamọ́.

Láìnì yẹn gùn sha, ẹ wọ bàtà tó rọ̀. Nínú láìnì kan tá a ti dúró ju wákàtí kan lọ, mo bá obìnrin kan sọ̀rọ̀, ará Salvador ni, ní Bahia, ní Brazil. Ebi ń pa àwa méjèèjì, ọ̀rọ̀ oúnjẹ la bá ń sọ. Ó ní nǹkan tí òun ń rò báyìí ni acarajé. Mo ní kín lo pè é? Ó tún un pè. Mo ní kí ló wà nínú ẹ̀? Ó ní ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo ẹ̀, tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, wọ́n á wá dín in nínú dendê. Ó fi fọ́tò dendê hàn mí, epo pupa wa ni! Mo ní àǹtí, àkàrà lò ń jẹ yẹn, "àkàrà jẹ". Obìnrin yìí pariwo, gbogbo láìnì yíjú. Ó ní ìyá àgbà òun ló ń dín in tà pẹ̀lú aṣọ funfun àti gèlè funfun. A ò rántí pé láìnì ti sún, àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń tì wá.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo eléyìí dùn. Ẹ fi April 16 kún un, Emancipation Day, ọlidé ni nínú D.C. Pàrédì máa ń wà, àwọn ọmọ ilé ìwé á fun fèrè, wọ́n á lu ìlù débi tí àyà èèyàn á máa gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ní 1862 ni Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí òfin tó dá àwọn ẹrú inú D.C. sílẹ̀, wọ́n lé ní 3,000. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé ẹni tó ni ẹrú ni ìjọba sanwó fún, tó $300 lórí ẹnì kan. Ẹrú tó ṣiṣẹ́ látàárọ̀, $100 ni wọ́n ní àwọn lè fún un, ìyẹn tó bá gbà láti kó kúrò ní Amẹ́ríkà pátápátá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀, mo ń wo ọmọdébìnrin kan tó ń lu ìlù tó ju ara ẹ̀ lọ, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Àjòjì Largo:

Ẹ jọ̀ọ́, oṣù kẹta mi rèé ńbí, mi ò ní mọ́tò. Báwo ni mo ṣe máa dé ibi òdòdó yẹn?

Awakọ̀ Òru:

Àbúrò, ìwọ lo tiẹ̀ rọrùn fún jù. Wọ Metro, ọkọ̀ ojú irin ìlú, ní Downtown Largo, Blue Line, sọ̀ ní Smithsonian, o ò nílò kó o pààrọ̀. Rìn tẹ̀ lé èrò. Tètè lọ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ lórí omi, kó o tó bá ogunlọ́gọ̀ èèyàn pàdé.

Màmá Kòfo:

Ẹ ṣeun o! Mo ti kọ ti ẹ́ḿbásì sílẹ̀, mo ti gba ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi ṣe káìtì kan, mo máa fún yín ní àǹkárá.

Màmá mi ti padà sílé látìgbà yẹn, wọ́n ti lọ fọ fọ́tò tí wọ́n bá àwọn ọmọ Japan yẹn yà, ó wà lára ògiri pálọ̀ wọn ní Mókọ́lá. Gbogbo March ni wọ́n máa ń pè mí. Àná náà wọ́n pè, kí n tó kí wọn tán wọ́n ní, "Igi yẹn ńkọ́, ṣé ó ti so?"