Họ́mà tó ń jì sọ́tùn-ún sósì tó bá ti gun 80: ẹrù orí kárìà ni àbí ṣọ́ọ̀kì?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìpo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan rèé fún àwọn tó mọ ọkọ̀ àti títì. Toyota Hiace tí gbogbo èèyàn ń pè ní Họ́mà ni, èyí tó kúrú, Ìlọrin sí Ọmù-Àrán ló ń ná. Lófìfo, ó ń lọ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n tí èrò bá kún, tí iṣu wà lórí kárìà, tí àpò gàrí sì wà ní búùtù, kò ní pẹ́ tó bá gun 80 tí ìdí rẹ̀ á fi máa jù sọ́tùn-ún sósì. Tí tírélà bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó tún ń le sí i. Sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi pé kò sí nǹkan kan níwájú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe aláínmẹ́ǹtì rẹ̀ ni. Ẹnì kan ní ká fi awẹ́ síprìn kan kún ti ẹ̀yìn, ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀kì ló kú. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n rọra sáré.

Mẹkáníìkì Gànmọ

Ẹ má tíì fi awẹ́ kankan kún un. Awẹ́ síprìn á gbé ìdí ọkọ̀ ga, ẹrù náà á sì ga sí i. Á tún mú kí ẹ̀yìn le ju iwájú lọ. Ní kọ́nà, táyà ẹ̀yìn tó wà níta ni ẹrù tó pọ̀ jù á máa rọ́ lù, ìdí ọkọ̀ ni á sì kọ́kọ́ yọ̀. Ẹni tó fi awẹ́ kún un kàn bo àpọ̀jù ẹrù mọ́lẹ̀ ni.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, torí táyà tó ti gbóná máa ń purọ́ lójú géèjì. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ti ẹ̀yìn sì sábà máa ń ju ti iwájú lọ nígbà tí ẹrù bá wà. Ọ̀tún àti òsì ò gbọdọ̀ fi ju 2 psi (ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka afẹ́fẹ́) lọ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀. 195R15C ni ẹ óò rí lára èyí tó dáa. C yẹn ṣe pàtàkì: táyà ọkọ̀ ẹrù ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń fi sí i jẹ́ ti káà kékeré. Rímù á gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa rọ̀ bí ẹ̀kọ ni. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT lára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ṣọ́ọ̀kì ló kàn. Ẹ má tẹ orí ọkọ̀ kẹ ẹ sọ pé ẹ ti dán an wò. Ọkọ̀ tó wúwo báyìí kì í sọ òótọ́. Ẹ tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ fi ọwọ́ fà á síta kí ẹ sì tì í wọlé. Ó gbọ́dọ̀ takú níbi méjèèjì. Tó bá já fìrì níbì kan, tàbí tí òróró ti ń ṣàn lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní méjì-méjì.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í wò ni sẹ́ńtà bóòtù àti yúbóòtù tó so áàsù ẹ̀yìn (irin tó so wíìlì méjèèjì pọ̀) mọ́ síprìn. Sẹ́ńtà bóòtù ló ń mú kí áàsù jókòó síbi tó yẹ. Tó bá gé, áàsù á rọra sún síwájú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí ọkọ̀ náà á wá máa darí ara rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà iwájú kọjú síwájú gbọọrọ, kí ẹ fi téépù wọn láti àárín wíìlì iwájú dé àárín wíìlì ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì. Tí wọ́n bá fi ju mìlímítà 5 lọ yàtọ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Aláínmẹ́ǹtì tuntun ò dá ẹ láre níbí: tó bá jẹ́ iwájú nìkan ni wọ́n ṣe, ẹ̀yìn tó wọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ẹ fi irin gígùn yẹ búṣìn síprìn wò pẹ̀lú. Síprìn nìkan ló ń di áàsù ọkọ̀ yìí mú kó má baà rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí búṣìn bá ti jẹ, ìdí á jó. Iwájú ò pẹ́: ẹ jáàkì í, kí ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, tó bá mì, táì-rọ́ọ̀dù ni. Ẹ tún dì í mú lókè nísàlẹ̀, tó bá mì, bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì tàbí bérìn ni.

Ẹnjiníà Títì

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì ti sọ ti abẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kì í jì lófìfo, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ru ẹrù ló ń jì, ẹrù náà gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti búùtù. Láti áàsù iwájú dé ti ẹ̀yìn nínú Họ́mà kúkúrú jẹ́ mítà 2.57. Ká ní gàrí kìlógíráàmù 200 wà ní búùtù, tí àárín rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 80 wà lẹ́yìn áàsù ẹ̀yìn. Áàsù ẹ̀yìn yẹn á ṣe bí òkúta tí a gbé igi lé: ìdí lọ sílẹ̀, imú gbéra. Ẹ sọ 200 di ìlọ́po 0.8, kí ẹ fi 2.57 pín in, ó jẹ́ kìlógíráàmù 62 tó kúrò lórí táyà iwájú. Ẹ̀yìn wá ń ru 262. Sítíárìn tó fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, òun nìyẹn. Ẹ kó àpò tó wúwo síwájú, sí àárín áàsù méjèèjì, kódà kó jẹ́ abẹ́ àga èrò, kí ẹ fi ohun fífúyẹ́ sí búùtù.

Ti orí kárìà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ pẹ̀lú èrò, kìlógíráàmù 2,800. Ọ̀gangan ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ibi tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí, wà ní sẹ̀ǹtímítà 80 sílẹ̀. Ẹ gbé iṣu kìlógíráàmù 300 lé e ní mítà 2.4, ọ̀gangan ìwọ̀n á gòkè dé sẹ̀ǹtímítà 95. Láti táyà ọ̀tún dé ti òsì lẹ́yìn tó mítà 1.46, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 73. Tẹ́lẹ̀, 73 nínú 80 jẹ́ 0.91: agbára tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ tó ìdá 0.91 ìwúwo rẹ̀ kó tó lè dojú dé. Ní báyìí, ó ti di 0.77. Síprìn àti táyà tó ń tẹ̀ á tún jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀dà gbígbẹ máa ń di táyà mú tó ìdá 0.7 sí 0.8 ìwúwo ọkọ̀. Ìyẹn ni pé tẹ́lẹ̀, táyà á kọ́kọ́ yọ̀, á dún, ẹ̀rù á ba dẹ́rẹ́bà, á sì dín eré kù. Pẹ̀lú iṣu lórí, yíyọ̀ àti dídojúdé ti ń bára wọn sáré. Tí táyà tó ń yọ̀ bá wá kọlu kòtò tàbí ilẹ̀ rírọ̀, ọkọ̀ ò ní yọ̀ mọ́, yóò yí ni.

Ọmọ Ọ̀fà

Àbí kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀, kó sì di títì mú? Fọganáísà kan máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nígbà òjò.

Mẹkáníìkì Gànmọ

Rárá o, àbúrò. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń rọ̀, ìjì yẹn á wá pọ̀ sí i, táyà á gbóná, á sì bẹ́. Lórí omi ẹ̀wẹ̀, ó tún kù díẹ̀ káàtó. Ẹ gba gbòǹgbò ìlọ́po méjì psi, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 16.7, iye tí ó bá jáde ni kìlómítà ní wákàtí kan tí táyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí omi tó nípọn. 36 psi, gbòǹgbò rẹ̀ ni 6, ó jẹ́ 100. 25 psi, gbòǹgbò rẹ̀ ni 5, ó jẹ́ 83. Ẹni tó dín afẹ́fẹ́ kù ló fà á wálẹ̀ láti 100 sí 83. Tí ojú táyà bá ti jẹ dé mìlímítà 1.6, kò sí ọ̀nà tí omi á gbà jáde mọ́.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìpo

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹnjiníà, ó yé mi pé 0.77 yẹn jẹ́ ààlà. Ṣùgbọ́n báwo ni dẹ́rẹ́bà ṣe fẹ́ mọ iye tí kọ́nà kan ń fi tì í? Kò sí géèjì rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹnjiníà Títì

Okùn ni géèjì rẹ̀. Ẹ gba okùn mítà 20, kí ẹni méjì fà á le, kí orí méjèèjì kan etí ọ̀dà tó wà níta kọ́nà. Láti àárín okùn, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí etí ọ̀dà, ní sẹ̀ǹtímítà. Fi iye yẹn pín 5,000. Èsì rẹ̀ ni ìwọ̀n rédíọ́ọ̀sì kọ́nà náà ní mítà; bó bá ṣe kéré tó ni kọ́nà ṣe ká tó. 25 jẹ́ 200 mítà, 42 jẹ́ 119, 50 jẹ́ 100. Kí ẹnì kan máa wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ o. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù.

Tó bá jẹ́ rédíọ́ọ̀sì 120, ní 60, agbára tó ń tì yín jẹ́ 0.24 ìwúwo ọkọ̀. Ní 80, ó di 0.42. Eré fi ìdá mẹ́ta kún, agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ibi tí wọ́n bá ti gbé etí títì ga síta kọ́nà, bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, á yọ nǹkan bí 0.06 kúrò.

Họ́mà yín ṣì lè gba 0.42 ní ọjọ́ gbígbẹ. Tírélà tó ru ẹrù gíga ò lè gbà á. Ààlà tirẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 0.3 sí 0.4, nítorí náà, ó máa dojú dé kí táyà rẹ̀ tó yọ̀ rárá. Kò sí ariwo táyà tó máa ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí tírélà tó ti sùn, tí kò sí ojú ẹsẹ̀ bíréèkì kankan lórí ọ̀dà. Tí ẹ bá ń bá a pàdé nínú kọ́nà, ẹ má fi ara yín sí apá tó máa wó sí.

Ọmọ Òkè-Oyì

Ẹ jẹ́ ká fi tánkà kún un. Tánkà tó kún bámúbámú sàn ju èyí tó kún dé ìdajì lọ ní kọ́nà, nítorí epo inú rẹ̀ máa ń rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì gbé ọ̀gangan ìwọ̀n lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irin tí wọ́n fi pín inú tánkà ń dá a dúró. Irin yẹn dábùú tánkà, wíwá síwájú sẹ́yìn nígbà bíréèkì ló ń dá dúró. Kò dí epo lọ́wọ́ láti rọ́ sọ́tùn-ún sósì. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi mọ̀ ọ́n dáadáa. Tí wọ́n bá fi ògiri tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn pín àgbá kan sí méjì, ìpalára omi tó ń rọ́ yẹn á dín kù sí ìdá mẹ́rin péré.

Ọmọ Ọ̀fà

Ohun kan tí ẹ ò tíì dé ni etí títì. Òjò ti gbá ilẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà ní ibi púpọ̀, ó ti di àtẹ̀gùn. Táyà ọ̀tún á já bọ́ síbẹ̀, dẹ́rẹ́bà á sì fa sítíárìn sósì. Ẹ̀gbẹ́ táyà á máa họ ojú ọ̀dà, kò ní gùn, á tún fà á sí i. Lójijì ló máa gùn ún, nígbà tí táyà iwájú ti yí ju bó ṣe yẹ lọ, ọkọ̀ á sì ta sí apá kejì títì tàbí kó yí.

Tí ó bá já bọ́: ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ di sítíárìn mú gbọọrọ kí táyà méjì máa rìn lórí ilẹ̀. Tí eré bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 30, kí ẹ wá ibi tí etí ò ga, kí ẹ tó gùn ún. Ẹni tó ń ṣe títì náà lè tún un ṣe láìnáwó púpọ̀: kí etí ọ̀dà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ní dígíríì 30, kó má gé bí ògiri.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìpo

A ti fi téépù wọn láti àárín wíìlì iwájú dé ti ẹ̀yìn. Òsì, sẹ̀ǹtímítà 257.1. Ọ̀tún, 255.3. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì kò ní C, iwájú ní.

Mẹkáníìkì Gànmọ

Sẹ̀ǹtímítà 1.8, ó ti pọ̀ jù. Wíìlì ẹ̀yìn ọ̀tún ti sún síwájú. Ìdí ọkọ̀ ń wá òsì lọ, sítíárìn náà á máa tẹ̀ díẹ̀ sósì kí ọkọ̀ tó lè lọ gbọọrọ, àfi tí aláínmẹ́ǹtì tuntun yẹn bá ti fi bò ó. Ẹ gba orí omi kọjá, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ: ti ẹ̀yìn ò ní bọ́ sínú ti iwájú.

Ẹ gbé férémù sórí sitáǹdì, kí ẹ tú yúbóòtù, kí ẹ wo orí sẹ́ńtà bóòtù. Ẹ lo bóòtù líle tí wọ́n kọ 8.8 tàbí 10.9 sí lórí, ẹ má lo èyí tí wọ́n gé láti ara irin rọ̀bọ̀. Dá áàsù padà, fún yúbóòtù le díẹ̀díẹ̀ ní ìgbálàjá, kí ẹ tún un fún lẹ́yìn ìrìn àjò ẹlẹ́rù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni aláínmẹ́ǹtì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má gbé èrò sí i kó tó parí.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìpo

Orí bóòtù ọ̀tún ti gé kúrò pátápátá. Ti òsì ṣì wà. Ṣé ká fi í sílẹ̀?

Mẹkáníìkì Gànmọ

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì dé abẹ́ ọkọ̀, iṣu kan náà ni wọ́n sì ń rù.